Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ìyá wa lẹ́kùlẹ́jà àti ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa,

Ẹ kú ọjà o. Ajé á wọgbá, ẹ ò ní pàdánù. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kò ní ráyè jókòó ti fóònù láti ka ìwé gígùn, ṣùgbọ́n n ò tíì rí ìsọ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́ yìí tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan kì í tẹ fóònù lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Òun ni mo bẹ̀ kó kà á sí yín létí. Tó bá gùn jù, kó fo ibi tó bá wù ú, àmọ́ kó má fo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ọmọ tuntun.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Ẹ̀pẹ́ sì ni mí. Àgbo ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi láé pé ewé kì í ṣiṣẹ́. Ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí ni ìpolówó kan tó gbòde: ọkọ̀ tó ń fi gbohùngbohùn pariwo káàkiri, ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí gbogbo wọn ń sọ pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí i pé ohun tó wà nínú orógbó, nínú ata ilẹ̀ pupa, nínú habatu sáúdà ń wo àìsàn tí wọ́n ń pè ní sepsis sàn, nítorí náà kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti díbàjẹ́ ra ìgò kan, kó máa mu ún láàárọ̀ lálẹ́. Àwọn kan nínú yín náà ti ń bá wọn wí i fún oníbàárà. Ká ní irọ́ pátápátá ni, ǹ bá má dààmú. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n kàn gé òótọ́ náà láàbọ̀ ni. Ààbọ̀ tí wọ́n gé kúrò ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Kòkòrò àìsàn lè gba ojú egbò wọlé sára, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró, ó lè gba ojú ara obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó lè gba ìwọ́ ọmọ. Ní ìlú tiwa yìí, ó lè gba ọwọ́ ẹni tó ń la ẹja lọ́jà Olúwo: ẹ̀gún ẹja gún un láàárọ̀, kò kà á sí, ó fi omi ọ̀sà ṣan ọwọ́, ó ń bá iṣẹ́ lọ, kòkòrò tó ń gbé inú omi sì ti bá ibẹ̀ wọlé. Ibi tí kòkòrò bá wọlé sí, ara á kó ogun tirẹ̀ lọ síbẹ̀. Ojú ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná, á máa ro. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ara ló ń jà fún ara rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ó sì máa ń borí, egbò á san, a ò tilẹ̀ ní rántí mọ́.

Àmọ́ nígbà mìíràn ìjà náà á kúrò lójú kan, á ran gbogbo ara, bí ìgbà tí àwọn ọdẹ àdúgbò ń lé olè tí wọ́n wá ń yìnbọn wọ ilé onílé. Kì í ṣe kòkòrò nìkan ló ń pa aláìsàn mọ́, ìjà tí ara ń jà gan-an ti ń bá a pa á. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa jò, omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn jáde sínú ẹran ara, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa dì nínú àwọn iṣan tíntìntín, kíndìnrín á dáwọ́ dúró, aláìsàn á máa sọ ìsọkúsọ. Ìyẹn ni sepsis. Ìwádìí ńlá kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde ní January 2020 ṣírò pé ní ọdún 2017 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 48.9 ìgbà ló ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé, ikú tó bá a wá sì tó mílíọ̀nù 11. Nínú ènìyàn márùn-ún tó kú láyé lọ́dún yẹn, ó súnmọ́ ẹnìkan. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 nínú àwọn tó mú ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí, irú tiwa, ló sì ru èyí tó pọ̀ jù.

Ibo wá ni ewé ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa, ohun kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní NF-κB. Bí kòkòrò bá ti yọjú, òun ló ń pàṣẹ kí sẹ́ẹ̀lì tú àwọn ìránṣẹ́ ìjà jáde: TNF, IL-1, IL-6 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ìránṣẹ́ yìí ló ń mú ara gbóná, tí wọ́n ń mú un wú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti ń rí i pé ọ̀pọ̀ èròjà inú ewé, èso àti egbò ló ń dá àṣẹ yẹn dúró. Curcumin inú ata ilẹ̀ pupa ń ṣe é. Quercetin inú àlùbọ́sà ń ṣe é, thymoquinone inú habatu sáúdà náà ń ṣe é. Kolaviron, èyí tí wọ́n ń yọ lára orógbó, tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára wọn. Èròjà inú ewé tíì tó ń jẹ́ EGCG tún ń gba ọ̀nà mìíràn: ó ń dojú kọ HMGB1, ìránṣẹ́ ìjà kan tó máa ń pẹ́ kó tó jáde, tí àwọn onímọ̀ fi hàn ní 1999 pé ó wà lára ohun tó ń pa eku tí sepsis bá mú. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń ka irú nǹkan báyìí, kí n má parọ́. Ohun tó wà nínú igbá yín ni wọ́n ń yẹ̀ wò lábẹ́ ẹ̀rọ, kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ.

Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n ti rí gbogbo èyí? Nínú àwo kékeré tí wọ́n ń sin sẹ́ẹ̀lì sí ni, àti lára eku. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyí: wọ́n á fi oògùn kun eku lóorun, wọ́n á la ikùn rẹ̀, wọ́n á so apá kan ìfun rẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ lu ibẹ̀ kí ìgbẹ́ lè jò sínú ikùn, wọ́n á sì rán an padà. Tàbí kí wọ́n kàn gún un ní LPS, èròjà kan tó wà lára àwọn bakitéríà kan. Lẹ́yìn náà wọ́n á ka iye eku tó kú nínú àwọn tó gba curcumin àti nínú àwọn tí kò gbà. Àwọn tó gbà á ló máa ń yè jù, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo àsìkò tí wọ́n fún wọn. Nínú ọ̀pọ̀ àdánwò yẹn, eku ti gba oògùn kí wọ́n tó kó àìsàn ràn án, tàbí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n kó o ràn án. Ta ni nínú oníbàárà yín ló ń wá ra àgbo sepsis ní wákàtí kan kí sepsis tó mú un?

Ohun mìíràn ni pé èyí tí a mu kì í dé inú ẹ̀jẹ̀ bí a ṣe rò. Ti curcumin ló hàn kedere jù. Àwọn tí wọ́n fún ní gírámù 8 lóòjọ́, tó ju ohun tí ẹnikẹ́ni ń bù sọ́bẹ̀ lọ, bíńtín ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìfun àti ẹ̀dọ̀ ti yí ìyókù padà, wọ́n ti lé e jáde. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi iyèré sí àgbo tilẹ̀ ti ń ṣe nǹkan kan kí àwọn onímọ̀ tó mọ ìdí rẹ̀: piperine, èyí tó ń mú kí iyèré àti ata dúdú ta, ń jẹ́ kí curcumin pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1998, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 20. Ọ̀nà tó gbà ń ṣe é ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: ó ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti palẹ̀ oògùn mọ́. Bí aláìsàn bá ń lo oògùn wárápá, oògùn yẹn náà lè pọ̀ lápọ̀jù lára rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Ká má tilẹ̀ sọ pé ẹni tí sepsis mú ń bì, ìfun rẹ̀ ò sì gba nǹkan dáadáa mọ́.

Ara eku gan-an kì í ṣe ara ènìyàn. Ní 2013 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde tí wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tó fara pa yánnayànna tàbí tó jóná wé ti eku, wọ́n ní bí ara eku ṣe ń jà kò fi bẹ́ẹ̀ jọ tiwa. Àwọn mìíràn takò wọ́n, wọ́n ní ìṣirò wọn ló fà á. N ò ní dá sí i, torí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn ni mo ń wò. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, wọ́n ṣe oògùn tó ń mú TNF mọ́lẹ̀, kò sì gba aláìsàn sepsis là bí wọ́n ṣe retí. Nínú àdánwò kan tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1996, àwọn tó gba èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn náà ló tún kú jù. Ní 2001, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Xigris, oògùn sepsis tí owó rẹ̀ ga dé góńgó. Ní October 2011, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kó o kúrò lórí àtẹ, nítorí àdánwò tuntun fi hàn pé ẹni tó gbà á àti ẹni tí wọ́n fún ní omi lásán, ikú wọn ò yàtọ̀.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ìjà tó ń ba aláìsàn jẹ́ yẹn náà ló ń pa kòkòrò. Ẹni tó bá pa á lásìkò tí kò yẹ ti ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò. A rí i kedere nígbà Kòrónà. Ní June 2020, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kéde pé dexamethasone, oògùn pọ́ọ́kú tó ń rọ ìjà ara lójú, dín ikú kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. Àwọn tí kò nílò atẹ́gùn rárá, kò ṣe wọ́n lóore kankan. Oògùn kan náà, àìsàn kan náà. Ó wá di pé kí ẹni tó ń fún ni mọ ibi tí ìjà dé, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó wo ìfúnpá, kó ka èémí. Ta ló fẹ́ ṣe ìyẹn lórí ìsọ̀, pẹ̀lú ife àgbo kan?

Ẹ má rò pé mo ti pa ewé tì. Mo fẹ́ sọ èyí tó yọrí sí rere jù fún yín, kí ẹ lè rí bó ṣe rí. Ní Ṣáínà, wọ́n ní abẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Xuebijing, egbòogi márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é, ìjọba wọn sì ti fọwọ́ sí i láti 2004. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà tòkè òkun ò kà á sí. Nígbà tó yá, wọ́n dán an wò bó ṣe yẹ: ọsibítù 45, aláìsàn sepsis 1,817. Wọ́n fún àwọn kan ní Xuebijing, wọ́n fún àwọn kan ní omi oníyọ̀ lásán, aláìsàn kò mọ èyí tó gbà. Èsì rẹ̀ jáde ní 2023. Nígbà tí ọjọ́ 28 fi pé, ìdá 26.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti kú nínú àwọn tó gba omi oníyọ̀. Nínú àwọn tó gba Xuebijing, 18.8 ni. Bí èyí bá dúró nígbà tí wọ́n bá dán an wò ní ilẹ̀ mìíràn, iṣẹ́ ńlá ni egbòogi ṣe yẹn. Mo yọ̀ nígbà tí mo kà á.

Àmọ́ ẹ tún un wò dáadáa. Inú iṣan ni wọ́n gún un sí, ẹnikẹ́ni ò mu ún. Ìwọ̀n mílílítà 100 ni, ní wákàtí 12 síra wọn, fún ọjọ́ 5. Inú yàrá ìtọ́jú àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè ni gbogbo wọn wà, gbogbo wọn ló gba oògùn apakòkòrò, dírípù àti atẹ́gùn bó ṣe yẹ. Egbòogi bá ọsibítù ṣiṣẹ́ ni. Kò rọ́pò rẹ̀. Èyí gan-an ni wọ́n gé kúrò nínú ìpolówó.

Mo tún ní ọ̀kan tí inú yín á dùn sí. Aláìsàn tí sepsis bá ti já ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀, tí oògùn tó ń gbé ìfúnpá sókè kò sì gbé e tó, wọ́n máa ń fún un ní hydrocortisone, oògùn tó ń rọ ìjà ara lójú bíi dexamethasone. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọ̀nà láti ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, kó sì dín lówó? Iṣu. Iṣu igbó ilẹ̀ Mẹ́síkò ni, kì í ṣe tiwa tí a ń gún. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Russell Marker, ló rí i láàárín 1940 sí 1945 pé a lè yí èròjà kan tó ń jẹ́ diosgenin nínú iṣu yẹn padà di progesterone, tí wọ́n lè fi ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi di nǹkan bí 1951, wọ́n ti ń gba ibẹ̀ ṣe cortisone, ẹbí hydrocortisone. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè jẹ iṣu igbó yẹn kí sepsis rẹ̀ san, bó jẹ ẹ́ di ọ̀la. Ẹ̀yin náà mọ aṣofẹ́yẹjẹ, ẹ mọ̀ pé ó ń mú orí wèrè rọlẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé bí ó bá pọ̀ jù, ó lè gbé ènìyàn lọ. Reserpine tó wà nínú rẹ̀ di oògùn ìfúnpá ní òkè òkun lẹ́yìn 1952, ìwọ̀n kékeré tí ojú ò lè rí lórí ọmọ ìka ni wọ́n sì ń lò.

Ẹ jẹ́ n dé ibi tí mo ní kí ọmọ má fò.

Ọmọ tuntun tí sepsis bá mú kì í fi bẹ́ẹ̀ ké. Ó máa ń dákẹ́ ni. Ó kọ ọmú, ó rọ bí aṣọ, ara rẹ̀ gbóná tàbí kó tiẹ̀ tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń mí tó ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, gìrì mú un, ìdodo rẹ̀ pọ́n tàbí ó ń ṣọyún. Èyíkéyìí nínú wọn tó. Ẹ má dúró de èkejì. Bí ìyá kan bá wá béèrè àgbo gìrì fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má tà á fún un, bó tiẹ̀ ń sunkún, bí ìyá ọkọ rẹ̀ tiẹ̀ dúró tì í tó ń ṣàṣẹ. Pàápàá ìyá ọkọ. Ẹ̀yin lẹ lè bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀ kó gbọ́, torí ojúgbà ni yín. Èmi, wọ́n á ní ọmọ àná ni mí, ìwé ló ń pa mí bí ọtí.

Ìwọ́ ọmọ náà, ẹ bá mi kìlọ̀. Ewé tí wọ́n gún, àdí, òróró gbígbóná, ọṣẹ ìfọyín, kò sí èyí tó yẹ kó kan ibẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ti ìdá 7.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fún àwọn ìyá ní Nàìjíríà láti fi pa á, kò sì wọ́n. Kí wọ́n ṣọ́ra kó má ta sí ọmọ lójú, torí ó lè fọ́ ọ lójú. Kì í ṣe oògùn ojú rárá.

Ìyá ìkókó náà ńkọ́? Títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, bí ibà bá ń mú un, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń ro ó, tí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lára rẹ̀ ń rùn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo ìwẹ̀numọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ní àgbo tó ń fọ inú. Kòkòrò tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú ilé ọmọ nìkan mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tó jọ àwàdà ṣùgbọ́n tí kì í ṣe àwàdà. Ní 2017, wọ́n gbé èsì àdánwò kan jáde láti abúlé ní Odisha, ní Íńdíà. Àwọn ìkókó tó lé ní 4,500, tí ara wọn le, ni wọ́n lò. Wọ́n fún ààbọ̀ wọn ní bakitéríà rere kan tó ń jẹ́ Lactobacillus plantarum, pẹ̀lú ṣúgà kan tí wọ́n ń rí lára ohun ọ̀gbìn, fún ọjọ́ 7. Nínú àwọn tí kò gbà á, ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní sepsis tàbí tó kú. Nínú àwọn tó gbà á, 5.4 ni. L. plantarum yìí, ẹ mọ ibi tó tún pọ̀ sí? Inú ògì. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ẹ̀ ta omi ògì sí ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́nu o! Ìran bakitéríà kan pàtó ni wọ́n lò, wọ́n sìn ín lọ́tọ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n mọ ohun tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Omi ògì tiwa, èyí tó dára àti èyí tí kò dára jọ wà níbẹ̀ ni. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé ohun tó wà ní ilé ìdáná wa ṣe é gbé dé ibi àdánwò gidi, tó bá ti rí ẹni tó máa fi sùúrù ṣe é.

Kò sì yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rẹ́ yín jẹ. Ẹ rántí Niprisan, oògùn fún àwọn tó ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní sickle cell. Iyèré, kanáfùrù, osùn àti ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe é, ohun tí gbogbo yín ń tà. Ọwọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá ni ìmọ̀ rẹ̀ ti wá, ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, NIPRD, ló dán an wò lára ènìyàn, ìròyìn rẹ̀ sì dáa. Wọ́n gbé àṣẹ ṣíṣe rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè ní 2008, oògùn náà sì dàwátì lórí àtẹ. Ìyẹn máa ń dùn mí títí dòní. Bí ẹnikẹ́ni láti yunifásítì tàbí ilé iṣẹ́ bá wá bá yín pé kí ẹ sọ ewé tí ẹ ń lò fún egbò tó ń rà tàbí fún ibà tó ń kọjá agbára, ẹ sọ fún un, àmọ́ kí àdéhùn wà lórí ìwé kí ẹ tó la ẹnu, kí agbẹjọ́rò kan sì kà á. Ìwé tí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ yín, bíi pé kò sí ni.

Ẹ máa ń sọ fún oníbàárà pé ewé á jẹ́. Àmín ni mo máa ń ṣe. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé, kí ẹ tó sọ ọ́, kí ẹ wo ojú ẹni tó wá rà. Kò sí ẹni tó máa dé ìsọ̀ yín kó ní sepsis ń ṣe òun. Ibà ni wọ́n máa ń pè é, tàbí jẹ̀díjẹ̀dí, tàbí "ara mi ò dá". Ẹ bi í léèrè: ìgbà wo lo tọ̀ gbẹ̀yìn? Tó bá ní láti àná, àgbo kọ́ ló kàn. Ẹ kà bó ṣe ń mí: bí àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ bá ń mí tó 22 ní ìṣẹ́jú kan, ewu wà níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó tutù tó sì ń làágùn, ẹ wò ó bóyá ó mọ ibi tó wà, bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara. Bí egbò bá wà lára rẹ̀ tí ojú ibẹ̀ sì ń ràn gun apá tàbí ẹsẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kó lọ sílé. Ẹni tó la ẹja lọ́sẹ̀ yìí tí ọwọ́ rẹ̀ wú dé ìgbọ̀nwọ́, ọsibítù ni kó kọjú sí.

Wákàtí ló ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí kan tó jáde ní 2006 wo àwọn tí sepsis ti já ìfúnpá wọn wálẹ̀: láàárín wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́, wákàtí kọ̀ọ̀kan tí oògùn apakòkòrò tó yẹ fi pẹ́ ń gé ìdá 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú àǹfààní pé aláìsàn á yè. Ẹ wá ro ti ẹni tó ń bọ̀ láti abúlé òdìkejì ọ̀sà, tó ti lo alẹ́ kan ní ilé kó tó rí ọkọ̀ ojú omi wọ̀ láàárọ̀, tó wá dé ọ̀dọ̀ yín kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tí ẹ bá fún un ní àgbo mu títí di ọjọ́ kẹta, kò sí ohun tí èmi tàbí dókítà máa rí ṣe. Àgbo tí ọtí wà nínú rẹ̀ tún burú jù, torí ó ń fi ìyà kún ìyà fún kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀.

Ìgò àgbo tó ní nọ́ńbà NAFDAC náà kò dá yín láre nínú èyí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń ka ìwé yìí gbé ìgò kan yí po, kó ka àkọlé kékeré tó máa ń wà lára ọ̀pọ̀ wọn: pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé oògùn náà ń ṣe wò.

Mo mọ̀ pé owó ni. Bí ẹ bá lé oníbàárà lọ, owó ọjọ́ yẹn ti lọ. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan á ní ọsibítù á gba owó lọ́wọ́ àwọn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn wọ́n, pé nọ́ọ̀sì á jágbe mọ́ wọn pé kí ló dé tí wọ́n fi mu àgbo. Òótọ́ ni pé a máa ń jágbe. Ẹ sọ fún aláìsàn kó má fi àgbo tó mu pa mọ́ fún wa. Kó gbé ìgò rẹ̀ dání wá, tàbí kí ẹ bá a kọ orúkọ ewé inú rẹ̀ sí bébà. Bí a bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a óò mọ oògùn tí kò yẹ ká fi kún un. Èmi á bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ ọ̀rọ̀ jíjágbe yẹn ní tiwa.

Bí aláìsàn ò bá lè dìde, nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó ni 767 tàbí 112, ọ̀fẹ́ ni wọ́n.

Ẹ sọ ọjọ́ tí ọjà ò bá kún, kí n mú aago àti ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara wá, ká jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka èémí ọmọdé àti ti àgbàlagbà. Kò ní gbà ju wákàtí kan lọ. Àga kékeré kan ni kí ẹ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀. Bí oníbàárà bá dé, ẹ ṣe tiyín, n ó dúró.

Èmi ni ọmọ yín,
nọ́ọ̀sì kan ní Ẹ̀pẹ́